Ẹni Tó Jó Ṣáàsì Ni Yóò Kọ́kọ́ Gùn Ún

Ore kọ́ ni mò ń lọ. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí níbí rò pé mo gbọ́ ìròyìn ìlú náà láti Kétu, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, mo di ẹrù mi, mo sì wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ilé mi rò. N kò sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wàrì ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ ìbátan wa kan tó ní iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ irin jó. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ kò dé Wàrì. Ó kù díẹ̀ kí á wọ Ore ló kán sí méjì lórí eré, bí igi gbígbẹ ṣe ń kán.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Obìnrin kan jókòó tì mí tó ń bu ẹ̀pà sísè fún mi. Ó ní ojú mi jọ ojú ẹni tí ebi ń pa. Ẹ̀pà rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi nígbà tí wọ́n fà mí jáde. Òun kò jáde láàyè. Wọ́n gbé mi jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹnì kan da omi sí mi lórí, mo sì ń wo abẹ́ ọkọ̀ náà, nítorí ó ti dorí kodò. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́ láti kékeré. Mo rí ibi tó ti kán. Wọ́n ti jó o rí. Wọ́n jó o léréfèé, iná kò wọnú irin, wọ́n wá kun ọ̀dà dúdú lé e. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé kò lè dúró. Ó kùn ún, ó fọ ọwọ́, ó lọ jẹun.

Ọgbẹ́ mi jiná. Nígbà tó jiná tán, mo lọ sí gáréèjì láti wọ ọkọ̀ Wàrì. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e, èkejì kò gòkè. Kọndọ́ ń pariwo, "Bàbá, wọlé jọ̀ọ́, wọlé!" Àwọn èrò ń tì mí lẹ́yìn. Mo bá fà sẹ́yìn, mo ní mo gbàgbé nǹkan. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe di ará Ore nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ Ore yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tì mí lójú tó. Ìlú ọkọ̀ ni. Ẹni tó ń lọ sí Ìbìní àti ẹni tó ń bọ̀ láti ibẹ̀, Ore ni wọ́n ti ń sọ̀ jẹun. Wọ́n á sọ̀, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á tọ̀, wọ́n á ra búrẹ́dì, wọ́n á tún gòkè, ó di gbére. Èmi nìkan ni mo sọ̀ tí n kò lè gòkè mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé Àgànyìn, ìyẹn àlejò láti ìkọjá ẹnubodè, ni wọ́n ń pè mí. Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mo wà. Ní Kétu, gbogbo wa mọ̀ pé Ifẹ̀ la ti ṣẹ̀, olùkọ́ tó ń fi Faransé kọ́ wa nílé ìwé kò rí ìyẹn gbà lọ́wọ́ wa. Inú Bíbélì ni mo ti kọ́ kíkà Yorùbá, lọ́dọ̀ bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo wá la ẹnu ní Ore láti ra oúnjẹ, ni olóúnjẹ bá pe ẹnìkejì rẹ̀: "Wá gbọ́ Àgànyìn tó ń sọ Yorùbá bíi wòlíì!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fi ẹran kan kún un fún mi. N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n bínú. Mo jẹ ẹran náà.

Èmi náà kò kúkú gbọ́ tiwọn. Bí àwọn ọmọ ìlú bá ń sọ Ìkálẹ̀ láàárín ara wọn, n óò kàn máa mi orí. Wọ́n gbé púpurù, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi èéfín yan, síwájú mi, mo ń wá ibi tí èéfín ti ń bọ̀. Àgbàdo ni tiwa nílé. Ó pẹ́ kí ahọ́n mi tó gba oúnjẹ tó ń rùn bí àjà ilé ìdáná. Nísinsìnyí, bí n kò bá rí i jẹ, inú mi kì í dùn.

Ọ̀gá Dáre ló gbà mí síṣẹ́. Mẹkáníìkì ni, èèyàn jẹ́ẹ́ tó máa ń kọ orin ìsìn lábẹ́ ọkọ̀. Kò bi mí níbi tí mo ti wá. Ó gbé irin méjì fún mi pé kí n jó wọn pọ̀, ó gbá a mọ́ òkúta, kò ya. Ó ní, "Ó dáa. Máa bọ̀ lọ́la." Kọ́lá náà wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Òun ló ń na bọ́dì ọkọ̀ tó bá wó, ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi, àfi bíi hámà rẹ̀.

Kọ́lá ló sọ mí lórúkọ. Ó ṣàkíyèsí pé n kì í gun ọ̀kadà, n kì í wọ kẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá rán mi dé Odigbo pàápàá, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń bọ̀. Ó ní, "Lẹ́gẹ́dísì ni mọ́tò Àgànyìn! Kì í mu epo, kì í jẹ táyà." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Lẹ́gẹ́dísì, ìyẹn ọlọ́kọ̀ ẹsẹ̀. Wọ́n rò pé ahun ni mí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí wọ́n pe èèyàn ní ahun ju kí wọ́n pè é ní ojo lọ. Àgbàlagbà tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tí kò lè jókòó nínú ọkọ̀, orúkọ wo ni wọ́n ń pe irú ìyẹn?

Ọjọ́ Ìsinmi ni Ìyá mi máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn. Àbúrò mi obìnrin, Àlàkẹ́, ló máa ń bá a tẹ fóònù.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Kí lo jẹ?"

"Púpurù."

"Orúkọ ohun tí ò ń jẹ yìí kò dùn létí mi. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Iṣẹ́ pọ̀ ni, Ìyá. Tó bá di ìgbà ọdún."

"Ọdún tí kì í dé. Obìnrin wo ló so ọ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀? Mú un bọ̀, mi ò ní bù ú jẹ."

Èmi náà á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì dágbére. Mo ti sọ "mò ń bọ̀" títí ó fi dà bí "ó dàárọ̀" lẹ́nu mi.

Nígbà tó yá, Àlàkẹ́ pè mí láìjẹ́ kí Ìyá mọ̀. Ó ní ojú Ìyá ń ṣókùnkùn, pé ó ti ń fi ọwọ́ wá ìlẹ̀kùn. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn dókítà sì ti sọ fún wọn pé èyí tó ti lọ ti lọ, pé ìwọ̀nba tó kù náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Ìyá fúnra rẹ̀ bá mi sọ ọ́, kò sunkún. Ó ní, "Mi ò bẹ̀ ọ́ fún nǹkan kan. Mo fẹ́ wo ojú rẹ kí ojú mi tó pa dé ni. Mo fẹ́ mọ bó o ṣe ń darúgbó."

Mo ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ dúró sí gáréèjì, mo ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń wọ ọkọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Àsìkò náà ni ọkọ̀ tipa kan wọ́ píkọ́ọ̀pù Màmá Omifunfun wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Opó ni Màmá yìí, ó ń dáko kòkó àti ẹ̀gẹ́ ní Omifunfun, ọkọ rẹ̀ ló sì ra píkọ́ọ̀pù náà nígbà ayé rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, irú èyí tí wọn kì í ṣe mọ́, àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Àárín rẹ̀ ti tẹ̀ débi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́.

Ọ̀gá Dáre wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi irin ṣóńṣó kan gún ṣáàsì, ìyẹn ọ̀pá irin gígùn méjì tó wà nísàlẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì àti gbogbo bọ́dì ọkọ̀ jókòó lé. Irin náà wọlé bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti ọdún gbọọrọ ló ti ń ru ẹ̀gẹ́, omi ẹ̀gẹ́ ń kán sí i, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi.

"Màmá," ni Ọ̀gá wí, "Ọlọ́run ló yọ yín. Ọkọ̀ yìí ò ní egungun mọ́."

"Ẹ bá mi jó o."

"A ò lè jó ìpẹtà, Màmá."

Kọ́lá ní, "Màmá, ẹ tà á fún àwọn onírin-jákujàku, kẹ́ ẹ wá tòkunbọ̀ kan rà."

Màmá wò ó. "Kọ́lá, tí ẹsẹ̀ bá ń dun ìyá rẹ, ṣé wàá tà á?"

Kọ́lá padà sídìí hámà rẹ̀.

Ọ̀gá wádìí kiri, ó gbọ́ pé irú píkọ́ọ̀pù náà kan wà nínú oko kòkó ní Ago Alaye, tí igi wó lu orí rẹ̀ tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Orí rẹ̀ ti fọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ṣì le. Wọ́n ṣá ìtàkùn kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé e wá. Iṣẹ́ wa ni láti tú ọkọ̀ Màmá palẹ̀, kí á sì tún un tò sórí ṣáàsì ti Ago Alaye.

A tú bọ́nẹ́ẹ̀tì, a tú ẹ̀yìn tó ń gbé ẹrù, a fa ẹ́ńjìnnì àti gíá jáde. Ó wá ku orí ọkọ̀, níbi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó. Àwọn oníṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó yí wa ká wá bá wa gbé e. A ní "Ó yá, hẹ́ẹ̀ẹ̀!" Apá kan gòkè, apá kejì kò mì.

"Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀!" ni ẹnì kan ń pariwo.

"Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni?" ni Kọ́lá dáhùn lábẹ́ ẹrù. "Kí onítọ̀hún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ká lè gbé mọ́tò!"

Ìgbà tí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú gbogbo wa ni Ọ̀gá rí i pé Kọ́lá fúnra rẹ̀ kò tíì tú wáyà hánbúréèkì, ó ṣì so orí ọkọ̀ mọ́ ṣáàsì. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín wa dé títì. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní rántí pé àlejò ni mí.

Ibì kan wà lára ṣáàsì Ago Alaye tí ìpẹtà ti bu jẹ, níbi tí wọ́n ń so sípíríńgì ẹ̀yìn mọ́. Èmi ni mo gé e kúrò, mo fi irin titun sí i. Mo jó o níta, mo jó o nínú. Mo lọ ojú rẹ̀ dànù, mo tún un jó. Kọ́lá ní, "Ṣé afárá lò ń ṣe ni?" Nígbà tí mo parí, Ọ̀gá ní kí n kun ọ̀dà dúdú sí i. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo tún gbé e kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí gbogbo èèyàn máa rí i. Ọ̀gá wò mí, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí a lè rí ojú iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Okùn ni Ọ̀gá fi wọn ṣáàsì náà, láti igun kan sí igun òdìkejì, lẹ́yìn náà àwọn igun méjì yòókù. Okùn méjèèjì dọ́gba. Ó ní, "Ó gún. Àmọ́ okùn lè parọ́, ilẹ̀ ni kì í parọ́. Tí ṣáàsì bá wọ́, ọkọ̀ á máa rìn bí alákàn. Táyà ẹ̀yìn ò ní tẹ ibi tí tiwájú tẹ̀."

Bí a ṣe ń tò ó padà ni Kọ́lá béèrè ìbéèrè kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ara ṣáàsì ni nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ọkọ̀ mọ̀ wà. Màmá yóò ní láti lọ ṣàlàyé ní ọ́fíìsì pé ọkọ̀ òun ti gba ṣáàsì mìíràn. Kọ́lá ní, "Ó dáa, èwo nínú wọn nìyí? Ṣé ọkọ̀ Omifunfun tó gba ẹsẹ̀ Ago Alaye ni, àbí ọkọ̀ Ago Alaye tó dé fìlà Omifunfun?" Àwọn èèyàn ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ń ro ti ara mi. Orí mi Kétu ni. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń rìn, Ore ló kọ́ ọ rírìn. Bí ẹnì kan bá béèrè nọ́ńbà mi, ibo ni kó ti wò ó?

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, tí Ọ̀gá Dáre jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tó bá jó ṣáàsì ni yóò kọ́kọ́ jókòó lé ẹrù àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà bá rù. Kì í ṣe iwájú ni yóò jókòó, ẹ̀yìn ni, lórí ẹrù. Wọ́n ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kí wẹ́dà fi ojú kékeré wo iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní irú àṣà yìí níbi tí wọ́n ti jó ọkọ̀ tí mo bá wá, obìnrin ẹlẹ́pà yẹn ì bá wà láàyè. Mo mọ ìyẹn. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó ti kàn mí rí, mo ti fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́. Mo ní inú ń run mí, Kọ́lá á sì bá mi gùn ún, n óò ra ọtí fún un.

Lọ́tẹ̀ yìí, Kọ́lá ní òun kò gùn. "Odidi ṣáàsì rèé, Lẹ́gẹ́dísì. Èmi kọ́ ni mo jó o." Ọ̀gá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni òun máa wa ọkọ̀ lọ sí Omifunfun lófìfo, kí a fi kó kòkó Màmá wá sí Ore.

Mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Omifunfun.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka èyí yóò rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé bí mo bá yẹra fún àlọ, ó lè ṣeé ṣe fún mi láti fara da àbọ̀. Òjò ti rọ̀ lóru, ẹrẹ̀ ń wọ́ mi ní bàtà. Oòrùn ti mú kí Ọ̀gá tó bá mi lọ́nà.

"Lẹ́gẹ́dísì! Kí lò ń ṣe níbí? Wọlé!"

"Ọ̀gá, mò ń na ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ wo lò ń nà láti Ore?"

"Ẹ máa lọ, sà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

N kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé rárá. Ó wakọ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé, àwọn ará ilé Màmá ń kó àpò kòkó sẹ́yìn ọkọ̀. Màmá bu omi fún mi, ó ní kí n jókòó ti òun lórí pákó tí wọ́n ń sá kòkó sí.

"Ọma mi," ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ní Ìkálẹ̀, "wọ́n ní ẹsẹ̀ lo fi wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí ló ṣe ọkọ̀ mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá."

"Ìwọ lo jó o. Tó o bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tó ò fẹ́ sọ, tó o fẹ́ kí èmi arúgbó gùn ún lọ sọ́run, sọ fún mi báyìí."

N kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé ojo nìkan ni ìbẹ̀rù mi lè sọ mí dà. N kò mọ̀ pé ó lè mú kí n jọ ẹni tó kun ọ̀dà dúdú yẹn. Ojú tì mí débi pé mo wo ilẹ̀. Mo wá sọ fún un. Mo sọ ti ọkọ̀ tó kán, mo sọ ti ẹ̀pà, mo sọ ti Ìyá mi àti ojú rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí kó tó di ọjọ́ náà.

Màmá kò ní kí n fọkàn balẹ̀. Kò gbàdúrà fún mi. Ó dìde, ó pàṣẹ kí wọ́n tẹ́ àpò òfìfo méjì sórí ẹrù.

Ọ̀gá ní, "Màmá, iwájú ni tiyín."

"Ta ló ni ọkọ̀?"

Wọ́n gbé e gòkè. Ó na ọwọ́ sí mi, mo sì gùn ún.

Ọ̀gá rọra wà á. Mo di okùn tí wọ́n fi so ẹrù mú, mo ń ka orí Sáàmù kan tí n kò lè parí. A dé ibi tí odò kékeré kan gba ọ̀nà kọjá, táyà jìn sínú kòtò, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì han gan-an. Létí mi, ohùn ọkọ̀ tó kán sí méjì ni. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fò. Mo balẹ̀ lórí eékún nínú ẹrẹ̀.

Ọ̀gá dúró. N kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ẹ máa lọ, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Màmá ní, "Má lọ o, Dáre. Máa rọra wà á, jẹ́ kó máa tẹ̀ lé wa."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, ọkọ̀ ń rá pálá níwájú, Màmá jókòó sórí àpò kòkó, èmi ń rìn lẹ́yìn, ẹrẹ̀ ń ta dé itan mi. Ọlọ́kadà kan gbé èrò méjì kọjá, ó kígbe, "Òkú ta ni ẹ̀ ń sin o?"

"Òkú bàbá rẹ!" ni Màmá dá a lóhùn látòkè.

Mo tẹ orí mi ba. Bí mo ṣe ń wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ẹrẹ̀ náà rọ̀, ó ń gba ojú táyà bí ẹ̀kọ ṣe ń gba ojú ewé. Ojú táyà kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Mo wá ìkẹta, n kò rí i. Níbi tí ọ̀nà ti yí, a yí, mo bẹ̀rẹ̀, mo tún wò ó. Ibi tí ọ̀nà bá sì ti tún gún, táyà ẹ̀yìn ń tẹ ibi tí tiwájú ti tẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú gbogbo ẹrù yẹn lórí rẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo wo ibi tí mo jó lábẹ́ ọkọ̀, láti inú ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ náà. Ó wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Mo ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́ kí n tó ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró."

Màmá fi ọwọ́ kan fà mí gòkè. Nígbà tí a bọ́ sórí títì ọ̀dà, Ọ̀gá tẹ iná díẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ lù mí lójú, mo sì la ojú mi sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti ibẹ̀ títí dé Ore. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀rù náà lọ. Bí ọkọ̀ ńlá kan ṣe fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo tọ̀ sára.

Kọ́lá ló kọ́kọ́ rí wa. Hámà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wá wò o! Lẹ́gẹ́dísì gun mọ́tò!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n gbé mi sókè. N kò lè dìde. Màmá wo ṣòkòtò mi, ó wo ojú mi. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ṣí i, ó sì dà á sí mi lára láti àyà dé ẹsẹ̀.

"Yéè!" ni ó pariwo sí gbogbo wọn. "Ẹ wo ọwọ́ arúgbó! Mo ti da omi sí ọmọ ọlọ́mọ lára!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ̀ kalẹ̀, omi ń kán lára mi. Títí di òní, Kọ́lá kò mọ̀.

Mo pe Ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé nǹkan ṣe mí. Mo ní, "Ìyá, kò sí obìnrin kankan. Ẹ̀rù ọkọ̀ ló ń bà mí." Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ.

"Láti ìgbà tó o ti lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Èmi sì ń bú ọ." Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Mo rò pé o ti rí ìyá mìíràn ni."

Láti ìgbà náà, bí n kò bá ní iṣẹ́, mo máa ń lọ sí gáréèjì. Mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Odigbo, mo sì fi ẹsẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ̀ ọ́ lọ, mo wọ̀ ọ́ bọ̀. Mo ti dé Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, mo ra búrẹ́dì níbẹ̀, mo padà. Ọjọ́ kan wà tí mo sọ̀ lójú ọ̀nà tí kọndọ́ sì bú mi. Abẹ́òkúta ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Ìmẹ̀kọ, lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, ilé. Ojú ń tì mí pé ọ̀nà tí ọmọ kékeré ń sùn kọjá lẹ́yìn ìyá rẹ̀, èmi ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò léyín.

Mo ní kí Ìyá má bínú pé ó ń pẹ́. Ó ní kí n má sáré, kí n má wọ ọkọ̀ tí n kò bá tíì wo abẹ́ rẹ̀. Àlàkẹ́ ló gba fóònù lẹ́yìn náà tó sọ ìyókù fún mi. Ó ní Ìyá kì í ṣa ẹ̀wà mọ́, kì í jókòó síta wo ẹni tó ń kọjá mọ́. Láti àárọ̀ ló máa ń fi aṣọ di ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òun ń ṣọ́ ìwọ̀nba ìríran tó kù lò ni, pé ọmọ òun wà lọ́nà.